Olùkọ́ Abẹ́ Omi Tí Kò Tíì Kọ́ṣẹ́ Tán

"Má tíì fọwọ́ kàn án, kò tíì gbẹ," Mùíz sọ.

Látífàt fa ọwọ́ sẹ́yìn. Káàdì náà wà lórí tábìlì, láàárín òkìtì kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpè ìgbéyàwó, nílé ìtẹ̀wé tí Mùíz ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́ ní Ṣómólú. Fọ́tò Látífàt wà lápá òsì. Lábẹ́ fọ́tò náà, wọ́n kọ ọ́ lédè Òyìnbó pé ó jẹ́ olùkọ́ àwọn tó ń fi sílíńdà afẹ́fẹ́ mòòkùn. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ wà níbẹ̀. Ó jọ ojúlówó. Irọ́ ni.

"Nọ́ńbà ta lo kọ síbí?" Látífàt bi í.

"Nọ́ńbà fóònù màmá mi. Mo kàn kọ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú ni."

"Mùíz, orí ẹ ò pé."

"Orí mi lè má pé, ọwọ́ mi pé. Òyìnbó tó bá ní kì í ṣe ojúlówó, kó gbé tiẹ̀ wá sí Ṣómólú ká jọ wò ó."

Látífàt rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé inú. Nígbà tí káàdì gbẹ, ó fi í sínú àpò, ó sì gba Fádèyí lọ.

Ọdún 2005 nìyẹn. Ìjọba alágbádá ti padà dé láti ọdún mẹ́fà. Bí o bá wọ kafé íńtánẹ́ẹ̀tì ní Fádèyí lọ́sàn-án, mẹ́jọ nínú ọ̀dọ́ mẹ́wàá tó jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ físà ni wọ́n ń wá. Látífàt jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Àmọ́ iṣẹ́ tí òun ń wá físà fún kò jọ ti ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Sùrájù, ń wa yanrìn nínú ọ̀sà ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà. Iṣẹ́ náà kò ní ẹ̀rọ. Èèyàn á di òpó igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mú, á fa èémí sínú, á gba ara òpó sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, á fi bọ́kẹ́ẹ̀tì irin bu yanrìn. Ẹnìkejì rẹ̀ tó wà nínú ọkọ̀ á fi okùn fa bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè. Òun náà á gòkè wá mí, á sì tún padà lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ọkọ̀ á fi kún. Òfin kan ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn: ẹni tó bá mí nísàlẹ̀, ó kú.

Ọmọ ọdún méje ni Látífàt nígbà tó kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀ òpó. Bí ohunkóhun bá já sómi, òun ni wọ́n ń pè. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, lọ́jọ́ tí àpò irinṣẹ́ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Rebecca já bọ́ láti inú ọkọ̀, òun ló bá wọn gbé e jáde, wọ́n ò tíì parí ariwo tí wọ́n ń pa.

Àǹtí Rebecca ti lé lógójì ọdún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Abẹ́ omi ló ti ń jẹun. Ọdún márùn-ún ló fi kọ́ àwọn àlejò tó wá gbafẹ́ ní mímòòkùn ní Òkun Pupa, ní Íjíbítì. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ló padà wálé. Nísinsìnyí, ó ń yẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òkun wò, ó sì ń kọ́ àwọn èèyàn nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan ní òdì kejì afárá. Ó bi Látífàt ní ìbéèrè kan péré lọ́jọ́ náà: "Ṣé o lè fọ irinṣẹ́ dáadáa?" Látífàt ní òun lè fọ̀ ọ́. Bí ó ṣe di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò san kọ́bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ibi tí omi kò ti ju àyà lọ ni Àǹtí Rebecca fi í sí, pẹ̀lú sílíńdà lẹ́yìn àti rọ́bà ìmí lẹ́nu. Ohun kan náà ló ń sọ fún un lójoojúmọ́: "Mí." Látífàt rò pé obìnrin náà le ni.

Nígbà mìíràn tí wọ́n bá jọ ń fọ irinṣẹ́, Látífàt á bi í nípa òkè òkun.

"Àǹtí, ṣé owó wà níbẹ̀ lóòótọ́?"

"Owó wà bí àlejò bá wá. Bí àlejò ò bá wá, o máa fọ ọkọ̀. Ní ọdún mi àkọ́kọ́, sílíńdà tí mo gbé ju èèyàn tí mo kọ́ lọ. Ẹni tó gbọ́ èdè mẹ́ta sì ń ríṣẹ́ ju ẹni tó gbọ́ ẹyọ kan. Lọ kọ́ Faransé."

"Físà ńkọ́?"

"Ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ ló máa tọrọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún ẹ. Má fi físà ìgbafẹ́ lọ ṣiṣẹ́. Mo mọ ọmọ Gánà kan tó ṣe é. Orí ọkọ̀ ni wọ́n ti wá mú un, tòun ti ẹsẹ̀ rọ́bà tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n dá a padà sílé, wọ́n sì ba pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ jẹ́."

Ọdún méjì ni Látífàt fi kọ́ṣẹ́. Ó yege ní gbogbo ìpele, ó wá ku ti olùkọ́. Kó tó lè jókòó fún ìdánwò yẹn, ó gbọ́dọ̀ ti mòòkùn nígbà ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì bu ọwọ́ lù ú nínú ìwé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Méjìdínláàádọ́rin ló ní. Àǹtí Rebecca ní ó ku bí ọdún kan.

Àsìkò yẹn ni ìkéde iṣẹ́ kan jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ ní Òkun Pupa ń wá obìnrin tó jẹ́ olùkọ́, nítorí àwọn àlejò obìnrin rẹ̀ kan, Mùsùlùmí, kò fẹ́ kí ọkùnrin kọ́ wọn. Ó ní òun á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, òun á pèsè yàrá. Kí onítọ̀hún ṣáà fi káàdì olùkọ́ ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àǹtí Rebecca wà ní Kàlàbá, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbé e lọ. Irinṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Látífàt. Látífàt kò pè é. Ó mọ ohun tí yóò sọ. Mùíz ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún, Mùíz sì ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ọjọ́ méjì tó mi."

Látífàt fi ẹ̀dà káàdì náà ránṣẹ́ láti Fádèyí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọkùnrin náà ti fi ìwé ìpè ránṣẹ́. Ẹ́ḿbásì Íjíbítì ní kó wá fún ọ̀rọ̀ físà ní ọjọ́ Tọ́sìdeè tó ń bọ̀.

Ẹnu Mùíz kò ní ìdérí. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo etí omi ti gbọ́. Àwọn ọmọdé ń kígbe "Tísà! Tísà!" tẹ̀ lé e. Sùrájù nìkan ni kò kígbe. Ó ń tún okùn bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe, kò gbójú sókè.

"Látì, ìgbà wo lo ṣe ìdánwò yẹn?"

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, Bàbá."

"Wọ́n ń mòòkùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?"

Bàbá rẹ̀ so okùn náà le. "Òmùwẹ̀ ló ń bódò lọ," ó ní. "Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀, etí omi ló ń dúró sí."

Japhet ló wá bá a nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, inú ọkọ̀ kan náà lòun àti Sùrájù ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó lè pẹ́ nísàlẹ̀ omi bíi tirẹ̀ ní Ìlàjẹ. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń fa okùn á ti máa gbàdúrà kí ó tó yọ orí.

"Tísà, kọ́ èmi náà. Màmá mi ò gbọ́dọ̀ kú sídìí ẹja gbígbẹ tó ń tà."

"Bọ̀ọ̀dá Japhet, kì í ṣe nǹkan ọjọ́ kan o."

"Mo ti ń mòòkùn kí wọ́n tó bí ẹ dáadáa."

"Èyí yàtọ̀ ni mo ń sọ fún yín."

"Kí ló yàtọ̀? Ṣé omi Òyìnbó kì í tutù ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí o kì í ṣe tísà ni?"

Ibẹ̀ ni Látífàt ti lè sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Kò sọ ọ́. "Ẹ wá láàárọ̀ ọ̀la," ó wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n gbé ọkọ̀ jáde, wọ́n gbé sílíńdà Àǹtí Rebecca méjì sínú rẹ̀. Látífàt ṣàlàyé. Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

"Ẹ máa mí sínú, ẹ máa mí síta, nígbà gbogbo. Ẹ má di èémí mú o. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà yìí, ńṣe ni wọ́n fi agbára kì í sínú ẹ̀. Bí ẹ bá dì í mú tí ẹ sì ń gòkè, á máa wú nínú ẹ̀dọ̀fóró yín ni, á sì dá a lu."

"Mo gbọ́, Tísà."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi padà."

"Kí n máa mí. Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ni?"

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò tí àwọn awayanrìn ti gbẹ́ láti ọdún pípẹ́ wá. Omi ibẹ̀ dúdú. Látífàt fi ọwọ́ kan di apá Japhet mú, ó ń wo èémí rẹ̀ tó ń hó gòkè. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ó tiẹ̀ ń rò ó lọ́kàn pé òun ti di olùkọ́ lóòótọ́.

Àjákù àwọ̀n kan bá omi kọjá, ó kọ́ gọ́gù Japhet, ó fà á yẹ̀. Omi wọ̀ ọ́ lójú. Ẹ̀rù ba Japhet, ara rẹ̀ sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti kékeré. Ó pa ẹnu dé, ó di èémí mú, ó já apá gbà, ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó ń gòkè lọ.

Látífàt rí i pé omi kò hó mọ́. Ó nawọ́ mú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bá omi.

Nígbà tí òun náà yọ, Japhet ti di etí ọkọ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kò sí nǹkan, ẹ̀rù ló kàn bà mí." Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Itọ́ tó tu sómi pupa.

Èèyàn tó bá jẹ́ olùkọ́ tòótọ́ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó fún awayanrìn. Ara rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́, lójoojúmọ́, níbi tí omi ò ti jìn, títí á fi gbàgbé ohun tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí Àǹtí Rebecca fi fi Látífàt sínú omi àyà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ṣe é fún Látífàt, àmọ́ wọn ò tíì kọ́ ọ bí òun náà ṣe máa ṣe é fún ẹlòmíràn.

Wọ́n gbé Japhet dé ilé ìwòsàn kan ní ọ̀nà Pédrò. Kò lè mí dáadáa mọ́, ọrùn rẹ̀ ti wú. Dókítà wò ó, ó bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan nínú àwọn tó gbé e wá ní, "Omi ló mu, dókítà."

"Ẹ gbé ẹ̀rọ wá," dókítà sọ fún nọ́ọ̀sì, "ká fi ti afẹ́fẹ́ sí i láyà."

Mùíz ti gbọ́, ó ti sáré dé. Ó fa Látífàt sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Dákẹ́ ẹnu ẹ. Omi ló mu, ó parí. Tọ́sìdeè ku ọjọ́ mẹ́rin."

"Wọ́n fẹ́ ti afẹ́fẹ́ sí i."

"Ìwọ kì í ṣe dókítà."

Lóòótọ́ ni, kì í ṣe dókítà. Àmọ́ ó mọ ohun tí dókítà náà kò mọ̀. Ó wo Japhet lórí bẹ́ẹ̀dì, ó rí i bí àyà rẹ̀ ṣe ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Mùíz.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Omi kọ́ ló mu. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ló ń mí, ó dì í mú gòkè wá. Mo rò pé ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ti lu."

Dókítà yíjú sí i. "Ta ló gbé sílíńdà sí i lẹ́yìn?"

"Èmi ni."

"Ṣé o níwèé àṣẹ láti kọ́ èèyàn?"

Káàdì wà nínú àpò rẹ̀. Mùíz ń fojú bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn dókítà.

"Rárá, sà. Mi ò ní."

Dókítà dá ẹ̀rọ náà dúró. Wọ́n ya fọ́tò àyà Japhet. Ẹ̀dọ̀fóró kan ti lu, afẹ́fẹ́ ti kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n la ihò sí i níhà, wọ́n ti rọ́bà kékeré bọ̀ ọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń mí. Dókítà bá Látífàt lórí bẹ́ńṣì níta, ó ní, "Ká ní a ti afẹ́fẹ́ yẹn sí i, a ì bá ti sin ín. Ìwọ lo fẹ́ pa á, ìwọ náà lo gbà á là. Má tún ṣe irú ẹ̀ mọ́."

Kò lọ sí ẹ́ḿbásì ní Tọ́sìdeè. Fádèyí ló lọ. Ó kọ̀wé sí ọkùnrin Òkun Pupa pé ayédèrú ni káàdì òun, ó sì sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Èsì dé lọ́jọ́ náà: "Má wá." Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀. Ọ̀gá Mùíz gbọ́, ó lé e kúrò nílé ìtẹ̀wé fún oṣù mẹ́ta. Àǹtí Rebecca ti Kàlàbá dé, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ka gbogbo rẹ̀ pé, kò sọ ju "Mo gbọ́" lọ. Ó bá tiẹ̀ lọ.

Dókítà ní Japhet kò gbọdọ̀ mòòkùn fún ọdún kan, bóyá láéláé. Ẹja gbígbẹ nìkan ni ìyá rẹ̀ sì ní.

Ohun tí Látífàt ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn ọmọ náà. Kò sunkún kiri, kò ní kí wọ́n gbàdúrà fún òun. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó dé etí omi ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó wọ inú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ó di òpó Japhet mú.

"Kí lo ń wá níbí?" Sùrájù bi í.

"Mo wá ṣiṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá Japhet. Ẹ máa gbé ìpín tiẹ̀ fún màmá ẹ̀."

Àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀ kejì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo nǹkan! Obìnrin ń wa yanrìn! Tísà, ṣé yanrìn náà fẹ́ lọ Íjíbítì ni?"

"Bó bá fẹ́ lọ, màá bá a gba físà," Látífàt fèsì, ó sì bọ́ sómi.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Lọ́sẹ̀ kejì, etí ń dùn ún. Lóṣù kejì, àwọn ọkùnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín mọ́, ńṣe ni wọ́n ń bá a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe é, títí Japhet fi dẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, tó sì ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀.

Oṣù kẹrin yẹn ni Àǹtí Rebecca wá sí etí omi. Ó dúró títí Látífàt fi yọ orí, tí yanrìn ń ṣàn lára bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló ní kí o máa ṣe eléyìí?"

"Kò sẹ́ni kankan, mà."

Obìnrin náà wò ó pẹ́. "Ọjọ́ Sátidé, aago méje. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi àyà."

"Ẹ ṣé, mà."

"Má dúpẹ́. Kọ́ Faransé."

Ó kọ́ Faransé lọ́dọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kan tó ń ta rédíò ní Bàrígà. Ó mòòkùn pé ọgọ́rùn-ún, ó tún lé ogún sí i, Àǹtí Rebecca bu ọwọ́ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tó ọdún kan àtààbọ̀ kó tó jókòó fún ìdánwò níwájú àwọn olùdánwò tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó yege. Káàdì tirẹ̀ dé nínú àpòòwé, ó ní nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò.

Obìnrin kan ní erékùṣù Zanzibar, tó ní ọkọ̀ méjì, ń wá olùkọ́. Ó ní òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Látífàt jókòó sí yàrá Àǹtí Rebecca. Obìnrin náà bi í nípa ìdánwò, nípa èdè, nípa ìlera rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Sọ fún mi nípa ọjọ́ tó burú jù lọ tí o ti lò lábẹ́ omi."

Ọjọ́ burúkú pọ̀ tí èèyàn lè mú sọ. Ó lè sọ nípa ìjì, tàbí nípa sílíńdà tó tán láìrò. Àǹtí Rebecca ń wo ojú fèrèsé, kò wò ó rárá.

Látífàt sọ ọ̀rọ̀ Japhet. Ó sọ ọ́ láti ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú dé ilé ìwòsàn ní ọ̀nà Pédrò. Kò yọ ara rẹ̀ níbì kankan.

Obìnrin náà gbọ́ ọ tán.

"Bí ẹni tó ti mọ omi tẹ́lẹ̀ bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ báyìí," obìnrin náà bi í, "kí lo máa wò?"

"Èémí ẹ̀, mà. Ẹni tó mọ omi ni mo máa kọ́ pẹ́ jù."

"Ìwé àṣẹ iṣẹ́ máa ń gba oṣù méjì níbí, nígbà mìíràn mẹ́ta. N kò ní mú ẹ wá láìsí i. Ṣé o lè dúró?"

"Mo lè dúró, mà," Látífàt dáhùn.

Ó dúró. Ìwé náà dé ní oṣù kẹta, ó gba físà, ó lọ. Ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dòní, ó ń gbé sílíńdà, ó ń fọ ọkọ̀, ó sì ń kọ́ èèyàn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ lọ sókè òkun, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ lọ. Àmọ́ físà kì í kọ́ni níṣẹ́, káàdì náà kì í kọ́ni. Ẹ kọ́ iṣẹ́ yín tán kí ẹ tó ní kí ẹlòmíràn fi ẹ̀mí rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́, nígbà tí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ṣì ń mí.